Theodor Boveri: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti inú ẹyin ẹranko òkun rí ìdí àrùn jẹjẹrẹ

Nínú gbogbo àrùn tí ń bá ọmọ aráyé fínra, ìwọ̀nba díẹ̀ ni orúkọ wọn ń dẹ́rù ba ènìyàn tó jẹjẹrẹ. Àìsàn ibà a máa ti ara ẹ̀fọn wọlé, onígbáméjì a máa ti inú omi tí kò mọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ní ti jẹjẹrẹ, bí nǹkan kan láti òde tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń dìde ogun sí ara. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ara ṣe ń di ọ̀tá ara, lọ́nà tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní, kì í ṣe oníṣègùn tí ń tọ́jú aláìsàn. Onímọ̀ nípa ẹranko ni, ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, Theodor Boveri sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹyin aràn àti ẹyin ẹranko òkun ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wò, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tí àwọn tó ń wo jẹjẹrẹ lójúkojú kò rí.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1862 ni wọ́n bí Boveri ní ìlú Bamberg, ní agbègbè Bavaria, gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n sì jẹ́ nínú ilé náà, òun ni ìkejì. Àbúrò rẹ̀ kan, Walter, di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná, òun pẹ̀lú Charles Brown ló dá ilé-iṣẹ́ Brown, Boveri sílẹ̀ ní ìlú Baden, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní ọdún 1891. Ní ti Theodor, orin àti àwòrán yíyà ni ó kọ́kọ́ fi ara hàn lára rẹ̀. Ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì dán nídìí ìkọ̀wé ayàwòrán. Ẹ̀bùn kejì yìí wúlò fún un púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, nítorí pé láyé ìgbà náà, ohun tí onímọ̀ bá rí nínú máíkírósíkóòpù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yà á kí ẹlòmíràn tó lè rí i.

Nígbà tó wọ Yunifásítì Munich ní ọdún 1881, ẹ̀kọ́ ìtàn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí ló bá lọ. Kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi yà kúrò níbẹ̀, tó sì yí sí ẹ̀kọ́ nípa ara ẹ̀dá. Ní ọdún 1885, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 23, ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀. Wọ́n fún un ní owó ìrànwọ́ tí yóò máa fi ṣe ìwádìí fún ọdún mélòó kan láìsí pé ó ń wá iṣẹ́ kiri, ó sì kó lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Hertwig, ní ilé-ẹ̀kọ́ nípa ẹranko nínú yunifásítì kan náà.

Àsìkò tó wọ iṣẹ́ yìí jẹ́ àsìkò tí ìjìnlẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ohun alààyè fi kọ́lé ara, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù léra. Wọ́n ti mọ̀ pé láti inú ẹyin kan ṣoṣo ni gbogbo ara ti ń jáde, tí ọ̀kan ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, títí ọlẹ̀ yóò fi ní orí, tí yóò ní ọwọ́, tí yóò sì ní ẹsẹ̀. Wọ́n tún ti rí àwọn okùn tín-ín-rín kan ní àárín sẹ́ẹ̀lì, tí ń fara hàn nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Kúrómósómù ni orúkọ tí wọ́n sọ àwọn okùn náà ní ọdún 1888. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yé ẹnikẹ́ni dájú. Àwọn kan rò pé wọ́n ń yọ́ dànù bí sẹ́ẹ̀lì bá pín tán, tí òmíràn yóò sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ara rẹ̀.

Inú ẹyin aràn tí ń gbé nínú ìfun ẹṣin ni Boveri ti wá ìdáhùn. Ìdí tó fi yan aràn yìí ni pé kúrómósómù rẹ̀ tóbi, kò sì pọ̀ rárá: 4 péré ni, irú kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ 2. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹran nínú agbo, agbo tó ní ẹran mẹ́rin ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ó wo ẹyin náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé kúrómósómù kì í parẹ́ láàárín ìpín kan sí èkejì, pé ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń gbà. Ó tún ṣàlàyé ẹ̀yà kékeré kan tí ń fa kúrómósómù sí ọ̀tún àti sí òsì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní centrosome, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní.

Iṣẹ́ yìí sọ ọ́ di olókìkí kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1890, àìsàn dá a wó, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì bá a jà fún ìgbà pípẹ́. Láti ìgbà náà lọ, kò tún mọ ohun tí à ń pè ní àlàáfíà tó gún régé mọ́. Bí ó ti ń ṣe àìsàn ni ó ń dìde, bí ó ti ń dìde ni ó ń padà sídìí máíkírósíkóòpù rẹ̀. Ní ọdún 1893, Yunifásítì Würzburg fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹranko, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Níbẹ̀ kan náà ni Wilhelm Conrad Röntgen ti ṣe àwárí ìtànṣán X-ray ní ọdún 1895.

Ní ọdún 1896, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan dé sí Würzburg láti wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Marcella O'Grady ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Boston, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ nípa ohun alààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ọdún 1885, tó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ obìnrin ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar. Láyé ọjọ́un, yunifásítì ilẹ̀ Jámánì kò fẹ́ rí obìnrin nínú yàrá ìwádìí rárá, àwọn àgbà yunifásítì náà ní láti fọwọ́ sí i kó tó lè wọlé. Ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Margret, ẹni tó di gbajúgbajà akọ̀ròyìn ní ilẹ̀ Jámánì nígbà tó dàgbà. Marcella kò fi ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ilé ọkọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ sí ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ilé ìwádìí ńlá kan wà létí òkun, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní Naples yìí, láàárín ọdún 1901 sí 1902, ni iṣẹ́ tó tóbi jù láyé Boveri ti wáyé. Ẹranko òkun kékeré kan wà tó rí roboto, tí ẹ̀gún sì yí i ká bí òòrẹ̀. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní sea urchin, a lè pè é ní òòrẹ̀ òkun. Ẹyin rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, ó sì rọrùn láti da àtọ̀ akọ lé e lórí nínú abọ́ kékeré. Àtọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó wọ inú ẹyin kan. Ṣùgbọ́n bí àtọ̀ bá pọ̀ jù nínú abọ́, méjì lè wọ inú ẹyin kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í pín sí méjì mọ́, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń pín sí lójijì, kúrómósómù rẹ̀ sì ń fọ́n káàkiri láìdọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì kan á gba púpọ̀, òmíràn á gba díẹ̀, òmíràn kò sì ní ní ẹ̀dà kan tó yẹ kó ní.

Ohun tí Boveri rí ni pé àwọn ẹyin wọ̀nyí kì í sábà di ẹranko pípé. Àwọn tó pín sí mẹ́ta a máa yè ju àwọn tó pín sí mẹ́rin lọ, nítorí pé àǹfààní kí ìpín dọ́gba pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ó tún ya àwọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin náà kúrò lára ara wọn nínú omi òkun tí a ti yọ èròjà kálísíọ́ọ̀mù kúrò nínú rẹ̀, ó sì rí i pé olúkúlùkù ń bàjẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Kì í ṣe iye kúrómósómù nìkan ló ń pinnu nígbà náà, irú èyí tó wà níbẹ̀ ni. Bí ìyá ìyàwó bá fẹ́ se ọbẹ̀ tí ata kò sí, iyọ̀ ìlọ́po mẹ́ta kò lè dípò ata. Kúrómósómù kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọlẹ̀ kò sì lè di ènìyàn tàbí ẹranko láìjẹ́ pé gbogbo wọn pé.

Ní àsìkò kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Walter Sutton, dé orí òtítọ́ yìí láti ara tata. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ fi ń so orúkọ Boveri àti Sutton pọ̀ nídìí ìmọ̀ pé inú kúrómósómù ni àjogúnbá wà. Láti ọdún 1910, Thomas Hunt Morgan, ní Yunifásítì Columbia ní New York, fi eṣinṣin kékeré tí ń bà lé èso rírà fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1933.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti sọ sí Boveri lọ́kàn ní Naples. Ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ìpín rẹ̀ kò dọ́gba ló ń kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan wà láàyè, wọ́n ń pín, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí mọ́. Ó wá bi ara rẹ̀ pé bí irú nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ nínú ara àgbàlagbà ńkọ́? Bí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọmú tàbí nínú ìfun bá pín lọ́nà òdì, tó sì pàdánù kúrómósómù tó ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, ǹjẹ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ nìyẹn?

Awọ tó bo ara lóde, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, ọmú, ẹnu ilé-ọmọ àti próstéètì, ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àgbàlagbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti próstéètì, tí wọ́n wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Nàìjíríà, inú irú awọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń hù. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa tò lẹ́sẹẹsẹ, olúkúlùkù a mọ apá tó kọ sí òde àti apá tó kọ sí inú. Bí jẹjẹrẹ bá dé, ètò yìí á dàrú. Ní ọdún 1890, oníṣègùn kan ní ìlú Berlin, David von Hansemann, ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì inú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ kì í pín dọ́gba. Boveri ló sọ pé ìpín àìdọ́gba yìí ni ó lè jẹ́ ìdí àrùn náà gan-an.

Ní ọdún 1902, ó fi ìrònú náà sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní ṣókí. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nídìí ìmọ̀ jẹjẹrẹ tó bá sọ ọ́ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Lójú wọn, kí ni onímọ̀ ẹyin òòrẹ̀ òkun mọ̀ nípa kókó tó wú sára aláìsàn? Boveri fà sẹ́yìn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì fún nǹkan bí ọdún 12.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, òkìkí rẹ̀ ń kàn sí i. Hans Spemann, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1935 lórí bí ọlẹ̀ ṣe ń dá ara rẹ̀ sí ẹ̀yà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Ní ọdún 1912, wọ́n fi ipò tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́: kí ó wá ṣe olùdarí ilé ìwádìí tuntun tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Berlin lórúkọ Káísà fún ìmọ̀ ohun alààyè. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó tilẹ̀ bá wọn ṣètò bí ilé náà yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lè gbé e. Ní ọdún 1913, ó kọ ipò náà, Carl Correns ni wọ́n sì fi síbẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ lè má pọ̀ fún òun mọ́ kò tún ní bẹ̀rù ẹ̀gàn. Boveri jókòó ní Würzburg, ó sì kọ ìwé tó ti gbé tì.

Ìlú Jena ni wọ́n ti tẹ ìwé kékeré náà jáde ní ọdún 1914, lórí ìbéèrè nípa bí kókó tí ń pani ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Boveri kò fi ìwádìí kankan tó ṣe lára aláìsàn sínú rẹ̀, ìrònú tó ti ara ẹyin wá ni. Ó ní láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kókó jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà nínú kúrómósómù tí ń ta sẹ́ẹ̀lì ní kẹ́sẹ́ pé kó pín, ohun mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ ìjánu tí ń dá a dúró. Bí kẹ́sẹ́ bá pọ̀ jù, tàbí tí ìjánu bá já, ẹṣin yóò sá kọjá ibi tí a rán an. Ó ní ìtànṣán bíi ti Röntgen, oògùn olóró àti ìpalára lóríṣiríṣi lè fa irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹlòmíràn lè jogún àìlera tó jẹ́ kí ó tètè ṣẹlẹ̀ sí i. Ìgbà tó ń kọ ọ́ yìí, àwọn tí ń fi X-ray ṣiṣẹ́ láìda nǹkan bo ara ti ń ní jẹjẹrẹ lára awọ ọwọ́ wọn.

Ọdún náà gan-an ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ọkàn àwọn ènìyàn kò sí lọ́dọ̀ ìwé, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ń jà sì dí pa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1915, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ìbí rẹ̀, Theodor Boveri jáde láyé ní Würzburg, ọmọ ọdún 53 ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nígbà náà tó lè sọ bóyá òótọ́ ni ohun tó kọ.

Ẹni tí kò jẹ́ kí iná náà kú ni Marcella. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì lọ dá ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Albertus Magnus ní ìlú New Haven. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ìwé ọkọ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ náà sì jáde ní ọdún 1929. Ó lo ọdún 35 láyé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó kú ní ọdún 1950.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, bó pẹ́ títí yóò ṣẹ lálẹ́. Ọdún 1956 ni àwọn onímọ̀ tó lè ka kúrómósómù ènìyàn kó pé, tí wọ́n sì mọ̀ pé 46 ni. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford ní Philadelphia rí kúrómósómù kan tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ọdún 1973, Janet Rowley fi hàn pé apá kan lára rẹ̀ ló ti já, tó sì lọ lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ìyẹn jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ti awọ ara àti ti ìfun náà ń bọ̀ lọ́nà.

Ní ọdún 1982, Roel Nusse àti Harold Varmus ní San Francisco ń wá ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ọmú lára eku. Wọ́n rí jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ kékeré lára kúrómósómù, tí kòkòrò àìrí kan ń fipá ta jí. Ní ọdún 1987 ni ó wá hàn pé jíìnì yìí kan náà ni ó ń ṣètò ara eṣinṣin nígbà tó ṣì wà nínú ẹyin, tó sì jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, eṣinṣin lè jáde láìní ìyẹ́. Wnt ni wọ́n ń pe ìdílé jíìnì náà lónìí. Àṣẹ tí ń kọ́ ara ọlẹ̀ ni ó di àṣẹ tí ń kọ́ jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1991, wọ́n rí jíìnì APC lórí kúrómósómù karùn-ún ènìyàn: ìjánu fún Wnt ni, ó sì ti já nínú ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ní ọdún 1996, wọ́n rí òmíràn tó ń jẹ́ Patched, tí òun náà ń tún ara ọlẹ̀ ṣe. Bí ó bá bàjẹ́, ó ń fa irú jẹjẹrẹ awọ ara tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Oògùn tó ń di ọ̀nà tí Patched ṣí sílẹ̀, vismodegib, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Boveri rò ló rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Odidi kúrómósómù ló ń wò, nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe kékeré kan nínú jíìnì ẹyọ kan lè tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí ìgbà tí kúrómósómù tí kò pé fi jẹ́ ìdí àrùn, àti ìgbà tó fi jẹ́ àbájáde rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́sẹ́ tó sọ, wọ́n ti rí i. Ìjánu tó sọ, wọ́n ti rí i. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó sọ, òun náà ni wọ́n gbà pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kókó. Láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ẹyọ kan títí di ìgbà tí yóò fi wú síta, ọ̀pọ̀ ọdún ló sábà máa ń kọjá. Inú ọdún wọ̀nyẹn ni àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ àti ti ìfun ń bá a, tí wọ́n fi ń rí i gé dànù kó tó di wàhálà.

Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Harris ti Yunifásítì Oxford tún ìwé náà tú sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀tun, pẹ̀lú àlàyé lórí ohun tí ó ti ṣẹ nínú rẹ̀. Ó ti pé ọdún 94 tí Boveri ti kọ ọ́ nígbà náà.